Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Padà Sínú Ọkàn

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń tọ pinpin: ẹ̀jẹ̀ tó ti kúrò lọ́kàn, báwo ló ṣe ń dé padà? A mú mẹ́jọ nínú wọn. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn la ó máa pè ní iṣan àlọ. Èyí tó ń gbé e bọ̀ wá sínú ọkàn ni iṣan àbọ̀. Àwọn tín-ín-rín tó so méjèèjì pọ̀, tí ojú lásán kò lè rí, ni iṣan wẹ́wẹ́. Fáàfù ni ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin olóòtú, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ní ká to ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ọkàn lẹ́sẹẹsẹ, mo máa ń gbé fáàfù kan sípò òmíràn. Àwòrán inú ìwé tún ń da ojú mi rú: apá òsì ìwé ni wọ́n máa ń ya ọ̀tún ọkàn sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àwòrán. Ọ̀tún àti òsì tí ìwé ń wí, ti ẹni tó ni ọkàn ni, kì í ṣe ti ẹni tó ń wò ó. Ẹ rò ó pé onítọ̀hún dojú kọ yín: ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọjú sí ọwọ́ òsì yín. Ohun mìíràn tí àwòrán kì í fi hàn dáadáa ni pé ọkàn kò dúró ṣánṣán. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ àti apá òsì, ó sì tún yí díẹ̀. Ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ ọ̀tún ló wà níwájú jù, lẹ́yìn egungun àyà gan-an. Ìyẹ̀wù òkè òsì ló wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tó ti fara ti ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọ̀bẹ bá gún ènìyàn láàárín àyà, ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ ọ̀tún ló sábà máa ń bá.

Ọkàn àgbàlagbà tóbi tó ìkúùkù olúwarẹ̀, ó sì wúwo tó 250 sí 350 gíráàmù. Ìyẹ̀wù mẹ́rin ló ní: méjì lókè tó ń gba ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, méjì nísàlẹ̀ tó ń tì í jáde. Ògiri kan ló pín ọ̀tún níyà sí òsì, kò sì yẹ kí ihò wà lára ògiri yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bí ènìyàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa nílò rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ọ̀nà náà rèé. Ẹ̀jẹ̀ tó ti fi ọ́síjìn sílẹ̀ fún ara ń gba ojú mẹ́ta wọ ìyẹ̀wù òkè ọ̀tún. Iṣan àbọ̀ ńlá ti òkè ń kó ti orí, ọrùn, apá àti àyà bọ̀. Iṣan àbọ̀ ńlá ti ìsàlẹ̀ ń kó ti ikùn àti ẹsẹ̀. Ojú kẹta, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé, kéré, òun ni ẹ̀jẹ̀ tí ẹran ọkàn fúnra rẹ̀ ti lò ń gbà wọlé. Láti ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gba fáàfù eléwé mẹ́ta bọ́ sí ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ó sì gba fáàfù ẹnu iṣan àlọ ẹ̀dọ̀fóró jáde. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń ju carbon dioxide sílẹ̀, tó sì ń gbé ọ́síjìn tuntun. Iṣan àbọ̀ mẹ́rin, méjì láti ẹ̀dọ̀fóró kọ̀ọ̀kan, ló ń gbé e wá sí ìyẹ̀wù òkè òsì. Ó gba fáàfù eléwé méjì sí ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ òsì, ó wá gba fáàfù ẹnu iṣan àlọ ńlá jáde lọ sí gbogbo ara.

Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan, ẹ kò ní gbé e sípò òmíràn mọ́. Àwọn méjì tó wà láàárín ìyẹ̀wù òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ewé wọn mọ́ ẹran kékeré tó yọ lára ògiri ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀. Nígbà tí ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ bá fún, okùn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí ewé náà ṣí sókè. Bí ẹran tó di okùn mú lápá òsì bá já, bó ṣe lè ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan ọkàn, ẹ̀jẹ̀ á máa ya padà sí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, èémí ẹni náà á sì há lójijì. Àwọn méjì tó wà lẹ́nu iṣan àlọ kò lókùn rárá. Àpò kéékèèké mẹ́ta ni ewé wọn; ẹ̀jẹ̀ tó bá fẹ́ padà ló ń kún inú àpò náà, tó sì ń fi ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ìró méjì tí dókítà ń gbọ́, ìkínní ti àwọn olókùn tó pa dé ni, ìkejì ti àwọn aláìlókùn.

Ọ̀tún àti òsì ń tì ìwọ̀n kan náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan bíi 70 mílílítà nígbà kọ̀ọ̀kan tí ọkàn bá lù. Bó bá ń lù ní ìgbà 70 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti súnmọ́ lítà 5, ìyẹn bí gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà. Agbára ni wọn kò fi dọ́gba: òsì ń fi ìfúnpá tó tó 120 mmHg (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) tì í, ọ̀tún kò ju nǹkan bíi 25 lọ, torí pé ẹ̀dọ̀fóró wà nítòsí, àwọn iṣan rẹ̀ sì rọ̀. Ògiri ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ òsì wá nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọ̀tún.

Mo kà á níbì kan pé ọkàn ló ń fa ẹ̀jẹ̀ láti ẹsẹ̀ wá sókè. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, pé ọkàn kò lè fa ohunkóhun. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ọ̀rẹ́ yín ló súnmọ́ òótọ́ jù, bó tilẹ̀ ti sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ bá ń fún, ó máa ń wọ́ ìdí ìyẹ̀wù òkè wálẹ̀ díẹ̀, àyè á sì ṣí sílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ̀. Fífà ni ìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó gbé ẹ̀jẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àyà.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ìfúnpá 120 tí ẹ̀jẹ̀ gbé kúrò ní ọkàn ti ṣẹ́kù sí nǹkan bíi 10 sí 15 nígbà tó bá fi la iṣan wẹ́wẹ́ já. Tó bá fi dé ẹnu ìyẹ̀wù òkè ọ̀tún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Lára ẹni tó dùbúlẹ̀, ìyókù kékeré yẹn tó, nítorí kò sí òkè kankan láti gùn. Lára ẹni tó dúró, gbogbo ìwúwo ẹ̀jẹ̀ láti àyà dé ìsàlẹ̀ ló ń tẹ ẹsẹ̀, tí ìfúnpá inú iṣan àbọ̀ ọrùn ẹsẹ̀ á fi gòkè dé nǹkan bíi 90.

Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń gbé ẹrù yìí. Àwọn iṣan àbọ̀ tó jìnlẹ̀ gba àárín ẹran náà kọjá. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan, ẹran fún, ó sì fún iṣan náà pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò ríbi gbà ju òkè lọ, nítorí fáàfù kéékèèké tó wà nínú iṣan ti ọ̀nà ìsàlẹ̀ pa. Bí ẹran bá dẹ̀, iṣan náà ṣófo, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú àwọn iṣan abẹ́ awọ á gba àwọn iṣan aláṣopọ̀ wọ inú rẹ̀. Bí ẹni tó ń gbé ẹrù gun àkàbà ni: ó gun ìpele kan, ó sinmi, ẹrù náà kò sì padà sílẹ̀. Bí ẹ bá ń rìn, ìfúnpá 90 yẹn á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 30 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dúró gbagidi, kò ní pẹ́ tó fi máa padà sókè.

Èémí náà ń ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá mí sínú, ìfúnpá inú àyà á dín kù, ti inú ikùn á sì pọ̀ sí i, torí pé awọ ẹran tó pààlà àyà àti ikùn ń tẹ ìsàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan àbọ̀ ńlá ti ìsàlẹ̀ á kúrò níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ síbi tó ti gbà á láyè.

Ẹ lè wá rí ìdí tí àwọn tó dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́ fi ń dákú, pàápàá bí ooru bá mú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ènìyàn bá dìde dúró, nǹkan bí ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á ti rọ̀ sí ikùn àti ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, èyí tó ń padà á dín kù, ọkàn kò sì lè tì ju ohun tó gbà lọ, ọpọlọ ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó bá ti ń rí òòyì, kó jókòó tàbí kó dùbúlẹ̀ kíá. Bí kò bá ráyè, kó fún ẹran itan àti ti ẹ̀yìn ojúgun pọ̀ léraléra, kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò. Kí àwọn tó wà nítòsí má ṣe gbé ẹni tó dákú nàró. Ilẹ̀ tó ṣubú sí yẹn ni ìtọ́jú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí fáàfù, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ wá ẹni tí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ tàbí ti apá rẹ̀ yọ dáadáa. Ẹ fi ọ̀já di apá rẹ̀ lókè ìgbọ̀nwọ́, kó má le jù. Ẹ wá iṣan tó gùn tí kókó kékeré wà lára rẹ̀. Kókó yẹn ni ibi tí fáàfù wà. Ẹ fi ìka kan tẹ iṣan náà nísàlẹ̀ kókó, ní ìhà ọ̀dọ̀ ọwọ́, kẹ́ ẹ wá fi ìka kejì wọ́ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lọ sókè kọjá kókó náà. Ẹ gbé ìka kejì kúrò. Apá tó wà láàárín ìka kìíní àti kókó á ṣófo síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ òkè kò ní padà wá. Ẹ gbé ìka kìíní: á kún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ tú ọ̀já náà.

Ọgbọ́n yìí ni William Harvey, dókítà ará England, fi han àwọn ènìyàn ní 1628. Olùkọ́ rẹ̀ ní Padua ní Italy, Fabricius, ti kọ̀wé lórí fáàfù wọ̀nyí ní 1603, àmọ́ ó rò pé wọ́n kàn ń dín ìsáré ẹ̀jẹ̀ kù kó má baà rọ́ sí ẹsẹ̀ ni. Harvey rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣí sí, ó sì ṣe ìṣirò pé ohun tí ọkàn ń tì jáde láàárín ìdajì wákàtí ju gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára lọ. Àfi kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí po. Ibi tí àlọ ti ń di àbọ̀ nìkan ni kò fojú rí. Ọdún 1661 ni Malpighi, dókítà ará Italy, tó fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá rí iṣan wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́. Harvey ti kú nígbà náà.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ inú iṣan àbọ̀ àwọ̀ búlúù ni, àti pé ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ni?

Rárá sí méjèèjì. Pupa ni, pupa tó ṣókùnkùn. Awọ àti ìmọ́lẹ̀ ló ń tan ojú jẹ: ìmọ́lẹ̀ pupa ń wọnú ara jìn, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan sì ń gbé e mì, èyí tó ta padà sójú wa ni kò ní pupa púpọ̀ nínú mọ́. Ní ti ìdọ̀tí, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ọkàn lára ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ṣì gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ́síjìn tó gbé jáde. Ohun tí ara fi pamọ́ de ìgbà tí iṣẹ́ bá le nìyẹn. Iṣan àbọ̀ ẹ̀dọ̀fóró tilẹ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ tó lọ́rọ̀ ọ́síjìn jù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan àbọ̀ inú okùn ìwọ́ ọmọ inú oyún.

Kí ló dé tó jẹ́ iṣan àbọ̀ ni nọ́ọ̀sì máa ń gún, kí sì ni rọ́bà tí wọ́n ń so mọ́ apá wà fún? Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi kẹ́yìn, wọ́n gún mi léraléra kí wọ́n tó rí i, ojú ibẹ̀ sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Iṣan àbọ̀ súnmọ́ awọ, ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìfúnpá inú rẹ̀ sì kéré, tí ìka lásán fi lè dá ojú ihò dúró. Iṣan àlọ jìnlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń dunni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń tú jáde pẹ̀lú agbára.

Rọ́bà náà ń dí ọ̀nà àbọ̀ láì dí ti àlọ. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rọ́nà jáde, iṣan á kún. Ibi tó yẹ kó wà ni 7 sí 10 sẹ̀ǹtímítà lókè ibi tí wọ́n fẹ́ gún. Bí ẹni tó so ó bá wá ìlù ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ tí kò rí i, ó ti le jù. Kò sì gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò sínú ẹran, ohun tó kù á ki, àyẹ̀wò á sì gbé iye tí kì í ṣe òótọ́ jáde. Kí ènìyàn máa ṣí ọwọ́ kó máa pa á dé léraléra náà léwu fún àyẹ̀wò: èròjà potassium inú ẹ̀jẹ̀ náà á pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Kẹ́ ẹ di ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ dá a dúró ti tó.

Inú ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n sábà ń lò, lára iṣan tó dábùú àárín ibẹ̀. Ìka ni wọ́n fi ń yàn án, kì í ṣe ojú: iṣan tó dára máa ń ta ìka padà, èyí tó le gbagidi ti ní àpá, èyí tó ń lù, iṣan àlọ ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Lábẹ́ apá inú ìgbọ̀nwọ́, ní ìhà ọ̀dọ̀ ara, iṣan àlọ ńlá kan àti okùn ìmọ̀lára kan wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n fi máa ń yà fún ìhà yẹn. Abẹ́rẹ́ ń wọlé ní ìtẹ̀sí 15 sí 30 dígírì, tí ojú rẹ̀ tó gé kọ sókè. Bí ẹ bá ní ìrora tó ta dé ìka lójijì, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fà á jáde lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó mú kí ojú ibẹ̀ dúdú ni ẹ̀jẹ̀ tó jò sábẹ́ awọ. Ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ la ògiri kejì iṣan já. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fa abẹ́rẹ́ yọ kí wọ́n tó tú rọ́bà. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ká apá lé òwú, ìṣesí tí gbogbo ayé ń ṣe tí kò dáa: bí ẹ bá ká apá, òwú náà kì í tẹ ojú ihò dáadáa, bí ẹ bá sì nà án, ojú ihò á tún ṣí. Apá nínà gbọnrangandan, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ òwú náà fún ìṣẹ́jú 2 sí 5, ó tán. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ mu omi dáadáa bí wọn kò bá ní kẹ́ ẹ má jẹ má mu, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín lọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ sì fi apá rọ̀ sísàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òtútù àti òùngbẹ ló ń jẹ́ kí iṣan sá pamọ́ jù.

Iṣẹ́ ìdúró ni mò ń ṣe. Iṣan ẹsẹ̀ mi ti wú, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti kókósẹ̀ dé itan. Dókítà ní kí n jẹ́ kí wọ́n dí i pa. Bí wọ́n bá dí i, ibo ni ẹ̀jẹ̀ á gbà?

Á gba ibi tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ló ń gba àwọn iṣan tó jìnlẹ̀ padà. Ti abẹ́ awọ kékeré ni. Èyí tó wú lára yín, bí ẹ ṣe júwe rẹ̀, jọ iṣan abẹ́ awọ tó gùn jù lára ènìyàn: ó bẹ̀rẹ̀ níwájú kókósẹ̀ inú, ó gba inú ẹsẹ̀ àti itan gòkè, ó sì wọ inú iṣan tó jìnlẹ̀ níbi tí itan ti pàdé ikùn.

Fáàfù ló bàjẹ́. Bí ọ̀kan kò bá pa dé mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dá dúró á ya lu èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Iṣan ibẹ̀ á fẹ̀, ewé fáàfù kejì kò ní lè kan ara wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa sọ̀kalẹ̀. Ìran ìdílé, oyún, ọjọ́ orí, ara sísanra àti ìdúró pípẹ́ ló ń fà á. Bó bá pẹ́, ìfúnpá náà á máa ti sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ jáde sínú ẹran, irin inú wọn á sì sọ awọ òkè kókósẹ̀ inú di dúdú. Awọ tó dúdú, tó le, tó ń yún níbẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ má fojú di, nítorí ojú ibẹ̀ ni egbò tí kì í tètè jinná máa ń gbà jáde.

Kí wọ́n tó dí iṣan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ultrasound, tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, wo àwọn tó jìnlẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì sínú àwọn yẹn rí tí wọ́n sì ti dí, iṣan abẹ́ awọ tó wú yẹn lè jẹ́ ọ̀nà àbùjá tí ẹsẹ̀ fi ń là á. Ẹni tó bá dí i á fi kún ìṣòro. Bí àwọn tó jìnlẹ̀ bá ṣí, kò séwu níbẹ̀. Iná laser tàbí ooru inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà fi ń dí i lóde òní, wọn kì í fi gbogbo ìgbà la ẹsẹ̀ mọ́.

Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ ń dín wíwú àti ìrora kù, kì í tún fáàfù ṣe. Èyí tí wọ́n sábà ń kọ fún irú ẹsẹ̀ yín máa ń fún ọrùn ẹsẹ̀ ní 20 sí 30 mmHg, agbára rẹ̀ á sì máa dín bó ṣe ń gòkè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ yín láàárọ̀ kó tó wú, ẹ wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, ẹ má sì ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀. Ibi tó ká yẹn á di okùn tó ń so ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù, tí ìrora ń dá dúró bó bá rìn díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láì jẹ́ pé wọ́n ti wọn ìfúnpá iṣan àlọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí iṣan náà bá bẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe dúró, ẹ má sì so ẹsẹ̀ lókè. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè ju àyà lọ, kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 láì yọjú wò ó. Ẹni tó jókòó sórí àga pẹ̀lú ẹsẹ̀ nílẹ̀ lè pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ láti ojú ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹsẹ̀ bàbá mi, wọ́n ní díẹ̀ já nínú rẹ̀ ó sì lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró. Kí ló dé tí kò lọ sí ọpọlọ? Ṣé ká máa wọ́ ẹsẹ̀ náà fún wọn?

Ẹ má wọ́ ọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ohun gbígbóná pá a. Èyí tó kù níbẹ̀ lè já.

Ní ti ọ̀nà tó gbà, ẹ padà sí lẹ́tà àkọ́kọ́. Láti ẹ̀yìn orúnkún, iṣan àbọ̀ ń fẹ̀ sí i ni bó ṣe ń gòkè: ti itan fẹ̀ ju ti ẹsẹ̀ lọ, ti ikùn fẹ̀ ju ti itan lọ, ìyẹ̀wù méjèèjì ti ọ̀tún sì fẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó já kò rí ibi tó máa há sí. Ẹ̀dọ̀fóró ni ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀nà ti ń dín kù, tó ń pín sí wẹ́wẹ́. Èyí tó ń lọ sí ọpọlọ sábà ń ti apá òsì tàbí iṣan àlọ ọrùn wá, bíi lára ẹni tí ìyẹ̀wù òkè òsì rẹ̀ ń gbọ̀n dípò kó máa lù dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ògiri àárín. Ihò kan wà níbẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò, tó yẹ kó pa dé lẹ́yìn ìbí. Lára nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin, kì í pa tán. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní mọ̀ títí ayé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dídì láti ẹsẹ̀ lè gba ibẹ̀ bọ́ sí òsì, kó sì gba ọpọlọ lọ.

Ohun mẹ́ta ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan àbọ̀: kó dúró lójú kan, kí ògiri iṣan fara pa, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ máa yá dì. Iṣẹ́ abẹ ìbàdí tàbí orúnkún lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àrùn jẹjẹrẹ, oyún àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen, àti ìjókòó tó ju wákàtí 4 lọ nínú ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló ń mú jù, torí pé iṣan àlọ kan rékọjá lórí iṣan àbọ̀ ẹsẹ̀ òsì nínú ikùn, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun ẹ̀yìn.

Ẹsẹ̀ kan tó wú, tó ń dùn, tó gbóná ju èkejì lọ ni àmì rẹ̀. Ẹ fi tépù wọn ẹsẹ̀ méjèèjì ní 10 sẹ̀ǹtímítà nísàlẹ̀ kókó egungun tó wà lábẹ́ orúnkún. Bí ìyàtọ̀ bá ju 3 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ó dé iwájú dókítà lọ́jọ́ náà. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Wọ́n á fi orí ẹ̀rọ ultrasound tẹ iṣan náà: iṣan tó mọ́ á pẹlẹbẹ lójú ẹsẹ̀, èyí tí ẹ̀jẹ̀ dì sí kò ní pẹlẹbẹ. Bí èémí bá há lójijì, bí àyà bá ń dun ènìyàn nígbà tó bá ń mí sínú, bó bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí tó dákú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kíákíá.

Oògùn tí wọ́n fún bàbá kì í yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Ó ń dá a dúró kó má pọ̀ sí i ni, ara ló ń yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi dín ní oṣù 3. Ara tó yá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ìdí láti dáwọ́ oògùn dúró. Bí dókítà bá ti ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n rìn.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ìyá mi ń wú ní ìrọ̀lẹ́, iṣan ọrùn wọn sì yọ gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀. Ṣé fáàfù ẹsẹ̀ wọn náà ló bàjẹ́?

Iṣan ọrùn yẹn kò jẹ́ ká rò bẹ́ẹ̀. Kò sí fáàfù tó ṣe é mú lọ́wọ́ láàárín iṣan àbọ̀ ńlá ti òkè àti ìyẹ̀wù òkè ọ̀tún, nítorí náà ọrùn ń fi ìfúnpá inú ọkàn hàn ní tààrà. Bí ọ̀tún ọkàn kò bá lè tì ohun tó gbà, ẹ̀jẹ̀ á dúró lẹ́yìn rẹ̀: ọrùn á kún, ẹ̀dọ̀ á wú, ẹsẹ̀ á wú. Bó bá jẹ́ òsì ni kò lágbára, ẹ̀dọ̀fóró ni omi á dúró sí, onítọ̀hún kò sì ní lè sùn ní pẹlẹbẹ. Àìlera òsì ló sì sábà máa ń fa ti ọ̀tún.

Bí dókítà ṣe ń wọ̀n ọ́n ni pé aláìsàn á fara ti ìrọ̀rí ní ìtẹ̀sí 45 dígírì, á yí orí díẹ̀ sí òsì. Apá ọ̀tún ọrùn ni wọ́n ń wò, torí pé iṣan ibẹ̀ lọ tààrà sí ọkàn. Wọ́n á wọn bí òkè ibi tí iṣan náà ti ń mì ṣe ga tó, ní òró, sí kókó egungun àyà níbi tí efọ́n kejì ti so mọ́ ọn. Bó bá ju 3 sí 4 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó ga.

Kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, àti àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan bí amlodipine náà lè mú ẹsẹ̀ méjèèjì wú, àmọ́ amlodipine kì í mú ọrùn kún. Ẹ mú ìyá lọ fún àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sì máa wọn ìwúwo wọn ní àràárọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ̀, kí wọ́n tó jẹun. Bó bá fi ju kílò 2 lọ pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, kì í ṣe sísanra. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà.

Wọ́n yọ iṣan àbọ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi láti fi ṣe àtúnṣe ọkàn. Oníṣẹ́ abẹ ní orí kodò lòun so ó. Kí ló fà á?

Fáàfù náà ni. Iṣan àlọ tó ń bọ́ ẹran ọkàn ń ti ìdí iṣan àlọ ńlá jáde. Bó bá dí, wọ́n á so iṣan tuntun láti iṣan àlọ ńlá kọjá ibi tó dí. Bí wọ́n bá so iṣan ẹsẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, fáàfù inú rẹ̀ á dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Wọ́n á yí i, ìsàlẹ̀ á di òkè, kí fáàfù máa ṣí sí ìhà ọ̀dọ̀ ẹran ọkàn. René Favaloro, oníṣẹ́ abẹ ará Argentina, ló sọ iṣẹ́ abẹ yìí di ohun tí ayé ń lò, láti 1967.

Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín lè wú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, inú kókósẹ̀ sì lè kú tipiri, nítorí okùn ìmọ̀lára kan bá iṣan náà rìn. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè bí wọ́n bá jókòó. Ìṣòro tó ṣe kókó ni pé ògiri iṣan àbọ̀ kò mọ ìfúnpá 120 tẹ́lẹ̀. Ó ń nípọn, inú rẹ̀ ń há, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì ń dí láàárín ọdún 10. Iṣan àlọ tó wà lẹ́yìn egungun àyà ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, òun ni àwọn oníṣẹ́ abẹ sì máa ń fi pamọ́ fún iṣan iwájú òsì ọkàn, èyí tó ń bọ́ apá tó tóbi jù. Kí ẹ̀gbọ́n má fi oògùn aspirin àti èyí tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù ṣeré: àwọn méjèèjì ló ń dá iṣan ẹsẹ̀ yẹn sí.